Awakọ̀ tó fẹ́ ra tírélà tirẹ̀: ìṣirò ni kó kọ́kọ́ mọ̀

Kò sí awakọ̀ tírélà tó ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún ọdún mélòó kan tí kò ní máa ronú pé ọjọ́ wo lòun náà máa ní tòun. Òun ló ń gbé ẹrù láti Àpápá dé Kánò, òun ló ń sùn sínú ọkọ̀ ní Ògèrè, òun ló ń bá gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà fa wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ẹni tó jókòó sílé ló ń gba owó gọbọi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dá àjọ, tí wọ́n á ta ilẹ̀, tí wọ́n á tún yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n lè ra tókúnbọ̀ kan. Àwọn kan là níbẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kí ọdún kan tó pé, koríko ti hù sábẹ́ ọkọ̀ wọn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣubú kò mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ wíwà yàtọ̀ sí òwò ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ dá dúró gbọ́dọ̀ kọ́ ìkejì kó tó san kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Rírà ọkọ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ọkọ̀ láìṣẹ́ nǹkan kan kù. Tókúnbọ̀ kì í pẹ́ bèèrè owó: táyà lónìí, kíláàṣì lọ́la, bátìrì lọ́tunla. Ẹni tó bá ní owó mílíọ̀nù 25, kó má ra ọkọ̀ mílíọ̀nù 25. Kó ra èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, kó fi ìyókù pamọ́ fún àtúnṣe àti fún dísẹ́ẹ̀lì ìrìn àjò méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í san owó pé kí ẹrù tó délẹ̀.

Kí ó tó sanwó, kó mú mẹkáníìkì tí kò bá ẹni tó ń tajà ṣe dání. Kí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì, gíà àti bíréèkì wò, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà jáde. Kí wọ́n fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì wé èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí wọn kò bá bára mu, kó yáa padà sílé, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó tà á lè má ṣeé rí mọ́.

Táyà náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn kàn fi ojú wò. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n kọ 1219 sí lára, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó.

Ìwé tó yẹ kó pé

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ẹni tó ń wa tírélà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpele G, èyí tó wà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ọkọ̀ àti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó kò gbọ́dọ̀ kú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Ó tún dára kí ó fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, nítorí ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní orúkọ àti àkáǹtì òwò.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, òfin pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ ní èyí tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn. Ní 2023, àjọ NAICOM gbé owó rẹ̀ sí 100,000 náírà fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé irú èyí kì í san owó ọkọ̀ ẹni fúnra ẹni tó bá jóná, kì í sì í san owó ẹrù tó bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ pátápátá, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹrù. Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé rẹ̀, kó rò ó dáadáa kó tó sọ pé òun kò lówó rẹ̀.

Owó tó wọlé kì í ṣe èrè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Èkó sí Kánò lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Tírélà tó ru ẹrù lè mu nǹkan bíi 40 lítà dísẹ́ẹ̀lì ní 100 kìlómítà, kó sì mu nǹkan bíi 30 tó bá ṣófo. Lílọ jẹ́ 400 lítà, bíbọ̀ jẹ́ 300, àpapọ̀ 700. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 700,000 náírà ti lọ nìyẹn. (Àwọn iye owó yìí kì í ṣe iye ọjà, ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n ń fi hàn. Kí oníkálùkù fi iye tó bá rí lọ́jà rọ́pò wọn.)

Bí owó ọ̀yà bá jẹ́ 1,500,000, ó ku 800,000. Owó ojú ọ̀nà, alágbàrù, mọ́tò-bọ́ì, oúnjẹ àti èjẹ́ńtì lè kó 250,000. Ó ku 550,000. Kí ó yọ 200,000 sọ́tọ̀ fún táyà, ọ́ìlì àti àtúnṣe. Ó ku 350,000. Kí ó san 100,000 fún ara rẹ̀ bí awakọ̀, nítorí bí kò bá sí òun, ẹlòmíràn ni ì bá san án fún. Ó ku 250,000.

Ọkọ̀ náà ń gbó lọ ńkọ́? Bí ó bá rà á ní mílíọ̀nù 21, tó sì fẹ́ lò ó fún ọdún márùn-ún, 350,000 ni kó máa yọ sọ́tọ̀ lóṣù kí ó lè ra òmíràn. Kí ó fi 50,000 kún un fún ìwé, ìnṣọ́ránsì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó di 400,000 lóṣù, ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn.

Bí ó bá lọ Kánò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó rí 500,000. Èrè rẹ̀ tòótọ́ jẹ́ 100,000. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kan péré nítorí pé ó dúró pẹ́ ní èbúté, 150,000 ni òfò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹrù àbọ̀

Bí ọkọ̀ yẹn bá rí ẹrù 500,000 gbé padà láti Kánò, dísẹ́ẹ̀lì tó máa fi lé e kò ju 100,000 lọ. Bí alágbàrù àti èjẹ́ńtì bá gba 50,000, 350,000 ló wọlé. Ìrìn àjò kan péré tó ní ẹrù àbọ̀ yóò mú 600,000 wá. Tí èèyàn bá yọ 400,000 kúrò, èrè jẹ́ 200,000. Ìyẹn ju ìrìn méjì tó padà lófìfo lọ. Nítorí náà, kí awakọ̀ má dúró dìgbà tó bá já ẹrù sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù àbọ̀. Kó ní oníbàárà ní ìlú méjèèjì: oníṣòwò ẹ̀wà, alálùbọ́sà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan. Kó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kì í pẹ́, ẹrù kì í sì í dín lọ́wọ́ rẹ̀.

Àdéhùn lórí ìwé

Lábẹ́ ìlànà ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Eto, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn èbúté Èkó ní oṣù kejì ọdún 2021, ọkọ̀ ní láti gba àyè kó tó lọ. Síbẹ̀, ìdúró ṣì lè wáyé, ìdúró sì ń jẹ owó. Kí àdéhùn sọ iye ọjọ́ tó wà nínú owó ọ̀yà àti iye tí ọlọ́jà máa san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Kó sọ ẹni tó máa dá kọ̀nténà òfìfo padà, àti ẹni tó máa san owó ìtanràn bí kò bá tètè padà. Kí apá tó pọ̀ nínú owó wọlé kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹni tó gba ẹrù sì fọwọ́ sí wébíìlì.

Ẹ̀mí ju owó lọ

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà l'Ékòó, ó pa èèyàn mẹ́ta. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní 2023, níbẹ̀ náà, òmíràn wó lu ọkọ̀ èrò, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Kí awakọ̀ máa wo àwọn irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so kọ̀nténà mọ́ ọkọ̀ kó tó gbéra, kó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tó bá ti dúró. Kó má gba ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà, kó sinmi. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó tún ń wà á, bí ó bá sùn lọ lórí ìdarí, ọkọ̀ àti ọlọ́kọ̀ ló lè bá a lọ.

Ìwé kékeré kan àti bírò tó wà nínú ọkọ̀ lè gba òwò yìí là. Kí ó kọ gbogbo lítà, gbogbo náírà àti gbogbo kìlómítà sílẹ̀. Lópin oṣù, òun fúnra rẹ̀ yóò rí ibi tí owó ń gbà jáde. Kó má sì sáré ra ọkọ̀ kejì títí àkọ́kọ́ yóò fi san owó ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.