Sí Ọmọ Àbúrò Mi tó ń Wá Iṣẹ́ ní Kútọnu

Daagbé, Ìfọ̀nyìn,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

  Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí dé òpin. Mo lè fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn inú fóònù kì í pẹ́ sọnù, mo sì fẹ́ kí o lè tún ọ̀rọ̀ yìí kà. Kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin náà, nítorí apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń jó kúrò nílẹ̀. O ní ọkùnrin kan sọ pé òun máa mú ọ wọ ilé iṣẹ́ aránṣọ ní Glo-Djigbé, pé kí o wá 75,000 fráǹkì kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ sínú ìwé. Má fún un ní kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé Glo-Djigbé kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2020 ni ìjọba àti ilé iṣẹ́ Arise ti dá ibẹ̀ sílẹ̀ bí àgbègbè ilé iṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó saare 1,640, òwú tí wọ́n ń gbìn lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń rán aṣọ níbẹ̀ fún àwọn ará òkè òkun, àwọn ọmọ bíi tìrẹ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ẹni tó ń purọ́ ń wá. Kò ní fi ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí tàn ọ́. Fọ́tò ọ̀gá Òyìnbó tó fi hàn ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, fọ́tò ni. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ ibẹ̀, lọ sí ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń so ẹni tó ń wáṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n wà ní Kútọnu níbẹ̀, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà wọn, kì í ṣe tiwọn.

Má sì rò pé gbájú-ẹ̀ nìkan ló ń rí owó jẹ lára ẹni tó ń wáṣẹ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri ìpínlẹ̀ fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, àyè tó ṣófo kò sì ju bí 4,500 lọ. Wọ́n ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Abuja, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Ìlú Benin, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó kéré tán ènìyàn 15 kú, aboyún wà nínú wọn. Ìwọ tó kọ́ ìṣirò, ṣe é wò: owó tó wọlé kí wọ́n tó gba ẹyọ ẹnì kan ju ìdajì bílíọ̀nù náírà lọ. Ẹni tó bá ti ń jèrè lára àwọn tó ń wáṣẹ́ kò ní kánjú àtigba ẹnikẹ́ni, nítorí bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó nílò òṣìṣẹ́ lóòótọ́, òun ló ń náwó: ó ń san owó ọkọ̀ wá síbi ìdánwò fún ọ nígbà mìíràn, ó ń fi ọjọ́ rẹ̀ jóná láti bá ọ sọ̀rọ̀. Ibi tí owó bá kọrí sí ni kí o máa wò.

Mo mọ̀ pé ojú ń kán ọ. Ó ti ju ọdún kan lọ tí o ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí wọ́n ń pè ní licence, àwọn tí ẹ jọ ń tò lẹ́nu ọ̀nà sì ń pọ̀ sí i. Níbi tí a wà yìí, a mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti wá. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè, wọn kò sì ṣí Ìdíìrókò padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Igolo tó wà ní ìhà tiwa gbẹ. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i, a kò tíì mí kanlẹ̀ tí ìjọba Tinubu yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Epo kpayo tí wọ́n ń fàyàwọ́ wá láti Nàìjíríà gbówó lórí, àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ìgò tà á lẹ́bàá ọ̀nà láti ibí dé Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iṣẹ́ oṣù. Nítorí náà, bí wọn kò bá tíì pè ọ́, má máa sùn sórí èrò pé ìwọ lo burú. Èrò ló pọ̀.

Ṣùgbọ́n láàárín èrò náà, wọ́n ń mú àwọn kan, wọ́n ń fi àwọn kan sílẹ̀. Èyí ni mo lè là yé ọ dáadáa, nítorí mo ti ń gba ènìyàn síbi ẹ̀rọ ìfúnpo mi láti ìgbà tí ìyá rẹ ṣì ń pọ̀n ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lọ ni, "Màmá, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ní, màá ṣe é." Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Létí mi, ó ń sọ pé òun kò wo ibi tí òun wọ̀. Mi ò ní iṣẹ́ yòówù. Mo ní àgbá tó ń jò, oníbàárà tó ń rà láwìn láti Ìpókíá, àti ọmọ tó ń ṣi ìwọ̀n kà. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní ọjà méjì, tó ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi ohun tó ń dààmú wa, tó wá sọ pé, "Màmá, mo lè bá yín kọ ìwé àwìn kí ó má baà pòórá," màá fún ẹni náà ní àga kó jókòó. Nítorí náà má máa kọ lẹ́tà kan ṣoṣo kí o sì máa pín in fún ogún ilé iṣẹ́. Ojú ewé kan tó, ṣùgbọ́n kí ẹni tó kà á mọ̀ pé òun lo ń bá sọ̀rọ̀. Kọ orúkọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí rẹ, kí o sì kọ́kọ́ sọ fún wọn. Mo ti pe ẹlẹ́rìí rí tó ní òun kò mọ ọmọ náà rí.

Ìwé ẹ̀rí rẹ ńkọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ara lé e. O rántí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu yín níbẹ̀, láìjókòó ní kíláàsì. Ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ó dùn mí, torí àwọn ọmọ tó fi òógùn ojú kàwé ni ìyà náà jẹ jù. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gba ènìyàn, kí ni kí n ṣe? Bí ìwé bá ṣeé rà, màá ní kí o ṣe iṣẹ́ kí n rí i. Nítorí náà, gbé iṣẹ́ lọ́wọ́ kí o tó dé ibẹ̀. Ìṣirò owó lo kọ́. Tọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta epo pupa ní ọjà wa lọ, tàbí oníṣòwò kékeré kan ní Kútọnu, bá a kọ ìwọlé àti ìjáde owó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ jọ fi ẹnu kò lórí owó kékeré tí yóò fún ọ. Bo orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wá mú ìwé náà dání lọ síbi tí wọ́n bá pè ọ́ sí. Mi ò tíì rí ọ̀gá tí kò fẹ́ wo irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun kékeré kan tó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwa tí a wà lẹ́nubodè ni orúkọ. Ní ìwé ìbí rẹ, wọ́n fi "ch" kọ orúkọ bàbá rẹ bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́. Ìwé tí o gbà nígbà tí o lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìhà Nàìjíríà fi "s" kọ ọ́. Lójú akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá, ènìyàn méjì nìyẹn. Tún un ṣe nísinsìnyí, kí iṣẹ́ tó dé.

Bí wọ́n bá wá gbà ọ́, bèèrè iye. Wọ́n ti kọ́ yín pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í bèèrè owó; àwọn tó ń jàǹfààní ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ìwọ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ ní ilẹ̀ wa ti kúrò ní 40,000, ó ti di 52,000 fráǹkì. Bèèrè bóyá wọn yóò fi orúkọ rẹ sí CNSS, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́. Wo ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ náà máa parí, nítorí òfin oṣù Kẹjọ ọdún 2017 fàyè gba ọ̀gá láti máa tún ìwé iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ṣe léraléra. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ, ó sì lè jẹ́ pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àlejò lo ṣì jẹ́ níbẹ̀. Kí o mọ̀ ọ́n kí o tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá kàn báyìí. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ìfúnpo rẹ̀ ti dé, àsìkò ẹyìn la sì wà, ó ń wá ènìyàn mẹ́rin kíákíá. Mo tún gbọ́ pé mẹ́ta nínú wọn ti wà nílẹ̀: àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ bàbá yín kékeré, àti ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Sọ fún un pé ẹni tí kò bá lè bá wí níwájú ìyá rẹ̀, kó má gbà á. Ìbátan kan tó ń mú epo lọ sílé láìsọ, bí o bá sọ̀rọ̀, ọ̀ràn ẹbí ni. Bí o bá dákẹ́, àwọn tí kì í ṣe ẹbí yóò mú tiwọn náà. Mi ò ní kó má mú ìbátan rárá. Kó mú ẹyọ kan, èyí tó mọ iṣẹ́, kó sì pe gbogbo ẹni tó fẹ́ mú wá fún ọjọ́ méjì, kó sanwó ọjọ́ méjì náà, kó wo ẹni tó ń fọ àgbá láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

Kó sọ fún ẹni tó gbà fún àsìkò ẹyìn nìkan pé àsìkò ẹyìn nìkan ni. Púpọ̀ nínú ìjà tí mo ti là ní Daagbé láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ohun tí wọn kò fẹnu sọ níbẹ̀rẹ̀ ló dá a sílẹ̀: ọ̀gá rò pé oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó, òṣìṣẹ́ rò pé ó yàtọ̀. Ojú ìwé kan, ìfọwọ́sí méjì, ẹlẹ́rìí kan. Ẹnu ń yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ CNSS ni yóò bá ọ jiyàn lé lórí jù, mo mọ̀ ọ́n. Nínú 52,000 fráǹkì, ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kò ju 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,872 fráǹkì. Tọ̀gá ju ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn lọ, ó sì máa ń dùn wá láti san án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfúnpo kì í mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹyìn. Lọ́jọ́ tó bá gé ìka ọmọ ọlọ́mọ, bí orúkọ ọmọ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò tọ́jú rẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀, yóò sì tún kojú òfin.

Kó má sì gba ọmọdé. Wọn yóò mú wọn wá fún un láti abúlé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Òfin wa kò gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ìyá rẹ̀ bẹ̀ tó. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn láti Za-Kpota, kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà wá sílé. Àwọn tó mú wọn lọ náà ní àwọn ń ṣe àánú ni. Bí ọmọ tó ti dàgbà bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kó gbà á bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, kó kọ ọdún tí yóò lò sílẹ̀, kó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, kí ó má sọ ọ́ di agbọ́mi ọ̀fẹ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ, kó fún un ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ parí rẹ̀ dáadáa. Ìwé náà kò pọn dandan kó yìn ín. Kó kàn sọ ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ àti iṣẹ́ tó ṣe. Ìwọ náà, nígbà tí àkókò bá tó, má kúrò níbikíbi láìgbà á.

Mo ṣì ní ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mi láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn nínú àpótí. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ kí n fi hàn án bí a ṣe ń kọ ọ́, kí ó má sì gba ẹnikẹ́ni títí yóò fi dé. Ìwọ, mú ìwé ìbí rẹ àti ìwé ẹ̀rí rẹ lọ sí ANPE lọ́jọ́ Ajé, lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí o sì pè mí bí o bá ti jáde.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.