Láti "Eré Ìdárayá" sí "Ìlò-ara": Èdè Ìmọ̀ràn Ìlera fún Àgbàlagbà

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí ènìyàn máa lo ara rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó tẹnu mọ́ fún ẹni ọdún 65 sókè. Ìṣòro atúmọ̀ èdè ni bí yóò ti sọ wọ́n tí àgbàlagbà yóò fi gbà pé òun ni a ń bá wí.

"Eré ìdárayá" ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀. Ó bá ilé-ìwé mu, ṣùgbọ́n létí ìyá àgbà ẹni ọdún 70, ọmọdé ni ó ni eré. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá yóò ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, wọn a sì rántí òwe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìfẹ́ ni, àmọ́ iṣan tí a kò lò a máa joro, ẹsẹ̀ a di aláìlágbára, ìṣubú kan ṣoṣo sì lè ṣẹ́ egungun ìbàdí.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a lo "ìlò-ara", èyí tí ó kó ìrìn ọjà, gbígbá àgbàlá, iṣẹ́ oko àti ijó pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni:

(i) Ìlò-ara oníwọ̀n: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin.

(ii) Ìfún-iṣan-lókun: ó kéré tán, ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Àpẹẹrẹ ni dídìde lórí àga léraléra láìfọwọ́ti nǹkan. Nínú àlàyé, kí a sọ pé "iṣan ẹran-ara", nítorí pé "iṣan" nìkan lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀.

(iii) Ìdúró-déédéé: ó kéré tán, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Àpẹẹrẹ ni fífi ẹsẹ̀ kan dúró nítòsí ògiri. "Ìdúróṣinṣin" kò yẹ níhìn-ín, nítorí pé ìwà ni a ti ń fi í júwe.

Ẹni tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká.

Kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè tó fi ìtumọ̀ wọn síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún àgbàlagbà kan. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Èmi kẹ̀? Eré?", a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì kù.