Omi Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni kò mọ̀ pé kí omi tó hó, a ní láti kọ́kọ́ dá iná? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí omi ti ń hó fúnra rẹ̀, tọ̀sán tòru, láìsí igi, láìsí èédú. Orúkọ ilẹ̀ náà ni Áísìláǹdì. Ẹ jẹ́ kí a kà nípa rẹ̀.

Áísìláǹdì jẹ́ erékùṣù. Òkun yí i ká. Ó wà ní ìhà àríwá ayé, níbi tí òtútù ti mú gan-an. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a máa bo ilẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í pẹ́ kí ilẹ̀ tó tún ṣú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ.

Kí ló dé tí inú ilẹ̀ fi gbóná níbi tí ojú ilẹ̀ tutù tó báyìí? Ilẹ̀ ayé tí a ń tẹ̀ yìí pín sí àwẹ́ ńláńlá, bí àwẹ́ obì. Áísìláǹdì wà lójú ibi tí méjì nínú àwẹ́ wọ̀nyí ti ń ya kúrò lára wọn. Wọn kì í yára. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ni wọ́n ń sún lọ́dún, ìyẹn bí ìbú ìka ọwọ́ kan. Ojú ibẹ̀ ni òkúta yíyọ́ ti ń rí ọ̀nà gòkè wá. Nítorí náà ni òkè ayọnáyèéfín fi pọ̀ níbẹ̀, tó lé ní 30.

Bí òjò bá rọ̀, tí yìnyín bá yọ́, omi a wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tó bá dé ibi òkúta gbígbóná, òun náà a gbóná, a sì wá ọ̀nà jáde. Bí orísun omi gbígbóná ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó mọ Ìkògòsì ní ilẹ̀ Èkìtì ti rí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ti Áísìláǹdì ju ìyẹn lọ. Omi tó ń hó lórí iná jẹ́ ìwọ̀n 100. Orísun kan wà tí à ń pè ní Deildartunguhver. Ìwọ̀n 97 ni ooru tirẹ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ tó lítà 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó pe "ọ̀kan" tán, garawa oní-lítà 18 mẹ́wàá ti kún!

Òmíràn ń jẹ́ Strokkur. Ìyẹn kì í ṣàn. Ńṣe ló máa ń ta sókè. Ẹ rántí ìkòkò tí a dé ní ìdérí tó wúwo. Omi tó wà nísàlẹ̀ ihò rẹ̀ gbóná rékọjá ìwọ̀n 100, ṣùgbọ́n omi tó wà lókè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó hó. Nígbà tó bá wá rí àyè, gbogbo rẹ̀ a di èéfín omi lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbá omi tó wà lókè sọ sójú ọ̀run. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń ga tó mítà 15 sí 20.

Àwọn obìnrin alágbàfọ̀

Olú ìlú Áísìláǹdì ni Reykjavík. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "Etíkun Eléèéfín". Láyé àtijọ́, orísun omi gbígbóná kan wà lẹ́yìn ìlú náà, ó tó kìlómítà 3. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ. Wọ́n á gbé ẹrù aṣọ, ọpọ́n ìfọṣọ, ọṣẹ àti oúnjẹ, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ nínú òtútù. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, aṣọ tútù ni wọ́n rù, ó sì wúwo ju ti àárọ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà léwu. Ilẹ̀ etí omi ń yọ̀. Àwọn obìnrin kan yọ̀ ṣubú sínú omi tó ń hó, wọ́n sì kú. Ní nǹkan bí ọdún 1902, wọ́n fi ọ̀pá irin bo ojú omi náà kí ẹnikẹ́ni má baà já sínú rẹ̀ mọ́.

Omi kò ní ọ̀tá, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi ọgbọ́n lò ó, ó lè pa á lára.

Omi wá sílé

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá? Ní ọdún 1908, àgbẹ̀ kan, Stefán Jónsson, fi páìpù fa omi gbígbóná wọ ilé rẹ̀. Ilé rẹ̀ móoru láìdá iná. Ní 1930, ìlú Reykjavík ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ, wọ́n sì fa páìpù tó tó kìlómítà 3 dé inú ìlú. Omi náà dé ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti nǹkan bí ilé 60.

Ẹ ò rí i? Ọ̀nà jíjìn tí àwọn ìyá rìn pẹ̀lú ẹrù, omi ló wá ń rìn ín fúnra rẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, èédú tí wọ́n ń rà láti òkè òkun ni wọ́n ń sun, èéfín a sì bo ìlú. Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973, wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ iṣẹ́ páìpù. Lónìí, nínú ilé mẹ́wàá, omi inú ilẹ̀ ló ń mú bíi mẹ́sàn-án móoru. Wọ́n tún ń fi ooru náà gbin tòmátò nínú ilé onídígí. Àwọn mìíràn ń ri ìkòkò ìyẹ̀fun pípò sínú ilẹ̀ gbígbóná. Ní ọjọ́ kejì, ó ti di búrẹ́dì.

Síbẹ̀, wọn kò fi omi náà ṣeré. Okùn wà yí Strokkur ká, àlejò kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn lánàá ló ń ṣe ènìyàn láǹfààní lónìí. Omi náà kò yí padà. Ọgbọ́n ènìyàn ló pọ̀ sí i.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló ń mú omi gbóná nínú ilẹ̀ Áísìláǹdì?
2. Ewu wo ló wà nínú iṣẹ́ àwọn alágbàfọ̀?
3. Kí ni wọ́n ṣe ní Reykjavík ní ọdún 1930?
4. Ohun wo ló wà ní àdúgbò yín tó léwu, tí a sì lè fi ọgbọ́n sọ di àǹfààní? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.