Títẹ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Kọ̀rọ̀ Ilé Ìdáná



Kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà bá kàn sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná kì í sábà gún. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún há, páìpù omi tún gba inú rẹ̀ kọjá. Ní Lánlátẹ̀ wa níbí, ibẹ̀ gan-an ni à ń kó láfún àti ẹ̀gúsí sí. Nítorí pé ó ṣòro láti tẹ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń jù sí i. Aáyán á sọ abẹ́ ìwé náà di ilé. Ìyá ilé á wá wọ́n ọ̀tápíápíá síbẹ̀, á sì dá láfún padà sórí rẹ̀.

Èyí ló ń bà wá lẹ́rù. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá. Ó ń gba ẹnu, imú àti awọ ara wọlé. NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, 100ml, ní ọdún 2019. Oúnjẹ tó bá kàn, ẹ dà á nù. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ọmọ, tó ń bì, tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ má fún un ní epo pupa mu.

Ẹ fi ọṣẹ fọ kọ́bọ́ọ̀dù, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì dí etí ihò tí páìpù gbà wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí wọ́n ń gé tà lọ́jà ló dára láti tẹ́ síbẹ̀, nítorí ó ṣeé nù.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ògiri títí yóò fi ní àmì, kí ẹ fi bírò tọ àmì náà, kí ẹ gé e. Níbi páìpù, ẹ la bébà láti ẹ̀yìn wá dé ojú ihò. Ẹ kọ “òkè” sójú bébà náà. Bí ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì lẹ bá fẹ́ fa ìlà sí, “òkè” gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. A gbàgbé èyí ní ilé ìdáná mọ́ṣáláṣí: igun ọ̀tún bọ́ sí òsì, kápẹ́ẹ̀tì ṣòfò, àwọn ìyá àṣàlátù sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Màgàríbà.

Ẹ má fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ aáyán ni. Sẹ́lótéèpù díẹ̀ létí iwájú ti tó, kí ẹ lè máa ká a sókè fọ̀ lóṣooṣù.

Kápẹ́ẹ̀tì kò lè dá eku dúró o. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ wà lára ohun tó ń fa ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, ní ọdún 1969. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí á máa bo ohun èlò wa lálẹ́. Ẹ rọ láfún àti gaàrí sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le kí ẹ tó gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì náà.