Èésan Ekùrọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Èédú Tó Ń Mu

Ní Èjìgbò àti àwọn abúlé tó yí i ká, ibi tí wọ́n bá ti ń pa ekùrọ́, òkìtì èésan kì í wọ́n níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ pé iná rẹ̀ mú. Àmọ́ a tún lè fi ṣe èédú tó ń fa àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi. Lọ́dún 1918, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí aráàlú máa kó kóró èso jọ, kí wọ́n lè fi èédú rẹ̀ ṣe ìbòjú tó ń gba ọmọ ogun lọ́wọ́ gáàsì olóró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ èésan, ẹ sá a gbẹ, ẹ kó o sínú agolo irin onídèérí tó ní ihò kékeré kan, kí ẹ sì gbé e kaná níta gbangba. Bí èéfín bá dá, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án ní gbígbóná, eérú lẹ máa bá.

Èédú lásán lèyí. Ìgbésẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á fẹ́ oru omi sí i nínú ooru 800 sí 900°C. Oru náà á jẹ lára rẹ̀, á lu ihò tí ojú kò rí, títí ojú inú gíráàmù kan á fi lé ní 1,000 mítà onígun-mẹ́rin. Gáàsì olóró ń jáde níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Dúdú ni méjèèjì, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Àyódíìnì ló ń yà wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan oríṣi méjèèjì dáadáa, torí eérú tó bá kù lára wọn lè pa àwọ̀ àyódíìnì, kó sì tàn yín jẹ. Ẹ sá wọn gbẹ, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná. Ẹ kán àyódíìnì sínú omi títí á fi pọ́n díẹ̀, kí ẹ pín in sí ife mẹ́ta lọ́gbọọgba. Ẹ da èédú lásán sí ọ̀kan, èyí tí wọ́n fẹ́ oru sí sí èkejì, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹ má fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Ẹ mì wọ́n fún àkókò kan náà, kí ẹ sì sẹ́ wọn. Ẹ wá kán sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù, sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá di búlúù dúdú, àyódíìnì ṣì kù nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá yí padà ti mu tiẹ̀ tán. Bí ti méjèèjì bá mọ́, ẹ dín èédú kù, kí ẹ tún un ṣe.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n máa ń wọn iye mílígíráàmù àyódíìnì tí gíráàmù kan mu. Bí ẹnìkan bá gbé àpò èédú omi wá tà fún yín, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ béèrè. Ẹ sì máa se omi tẹ́ ẹ fẹ́ mu, torí èédú kì í pa kòkòrò àrùn.