Ọ̀rọ̀ Kan, Iṣẹ́ Púpọ̀: KEEP

Ẹni tí ó bá ti mọ ìwé kà, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri: lára ìgò oògùn, lẹ́yìn ọkọ̀, lára ògiri. Lónìí a ó kọ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Òun ni KEEP.

Ìtumọ̀ rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni "pa mọ́". Bí ẹ bá ra nǹkan, tí wọ́n sọ fún yín pé KEEP THE RECEIPT, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ẹ pa rìsíìtì mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹ wo èdè tiwa ná. À ń pa ẹran, à ń pa iná, à ń pa àlọ́, à ń pa owó mọ́. Ṣé ohun kan náà ni? Rárá o! Bí ẹnì kan bá ní "Pa á", tí ẹlòmíràn ní "Pa á mọ́", ewúrẹ́ pàápàá yóò fẹ́ mọ èwo ni kí òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀lé e ni ó yí i padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni KEEP rí.

Ẹ jẹ́ kí á wo díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀:

KEEP QUIET: Ẹ dákẹ́.
KEEP OUT: Ẹ má wọlé.
KEEP OFF: Ẹ má sún mọ́ ibẹ̀.
KEEP THE CHANGE: Ẹ máa mú ṣéńjì lọ.
KEEP DISTANCE: Ẹ má rìn mọ́ ọkọ̀ yìí nídìí, ẹ fi àyè sílẹ̀.
KEEP RIGHT: Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀; ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni a yí sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ní ti oògùn, ẹ ó rí KEEP IN A COOL, DRY PLACE. Ẹ ṣọ́ra o! Lédè wa, aṣọ tí omi wà lára rẹ̀ tutù, omi àmù náà tutù. Èyí kì í ṣe ti omi. Ibi tí oòrùn kò pa, tí ooru iná kò dé, tí ó sì gbẹ, ni kí ẹ gbé e sí. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba oògùn jẹ́.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí: KEEP OUT OF REACH OF CHILDREN. Ẹni tí ó bá mọ KEEP, tí ó sì mọ CHILDREN, lè rò pé "Ẹ pa á mọ́ fún àwọn ọmọ" ni. Ewu ńlá ni! OUT OF REACH ni ibi tí ọwọ́ kò lè tó. Nítorí náà, "Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lójú ọmọdé, oògùn oníhóró dà bíi súìtì, kẹrosíìnì sì dà bí omi. Ẹ má ṣe bu kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí kẹrosíìnì náà lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wá KEEP lára ìgò àti páálí tí ó wà nílé yín. Ẹ da gbogbo gbólóhùn náà kọ, kì í ṣe KEEP nìkan.
2. Ọ̀rọ̀ wo ni ó tẹ̀lé e? Kí ni ó ní kí ẹ ṣe?
3. Èwo ni ọwọ́ ọmọ lè tó nínú wọn? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.