Dígí, Awò tàbí Gíláàsì? Nípa Orúkọ Àwòrán Orin Inú Àtùpà

Ní etíkun Ìlàjẹ, olùkọ́ kan túmọ̀ ohun èlò yìí fún àwọn ọmọ pé ‘dígí inú fìtílà ni’. Fìtílà orí ọkọ̀ apẹja ni ó wá sí wọn lọ́kàn. Dígí sì ni èyí tí ènìyàn fi ń wojú. Ẹ̀kọ́ náà dàrú.

A kò lè pè é ní sinimá, nítorí sinimá ń rìn, èyí dúró. Ní 1894 ni a fi irú rẹ̀ polówó orin The Little Lost Child ní Amẹ́ríkà. Bí akọrin ti ń kọrin ni àwòrán ń tẹ̀lé àwòrán. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ègbè a sì máa yọ lára aṣọ funfun kí gbogbo àwùjọ lè gbè é.

‘Awò’ ńkọ́? Ohun tí a ń gba inú rẹ̀ wo nǹkan ni awò, bí awò ojú. Ó sì wà nínú àtùpà yìí pẹ̀lú: òun ni ó ń dá àwòrán tí a dorí rẹ̀ kodò padà sí ìnàró. Bí a bá pe méjèèjì ní awò, kí ni olùtumọ̀ yóò kọ?

‘Gíláàsì aláwòrán’ ni èmi fara mọ́, àti ‘àtùpà agbáwòrányọ’ fún ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ àyálò ni gíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wo ní Ayétòrò ni kò mọ̀ ọ́n?